Ògì Tútù àti Ẹ̀wù Ayẹta: Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kan ń Ṣe ní Delaware



Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó tó kọjá, ìwé kan wà níwájú wa tí a kò lè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa fẹ́ yá owó fún ọmọ rẹ̀ tí yunifásítì ti gbà wọlé láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ti kẹ́míkà, ọdún márùn-ún gbáko. Bàbá kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún wá bèèrè pé, "Ẹ dákun, iṣẹ́ wo tilẹ̀ nìyẹn? Ṣé ọṣẹ ni wọ́n ń sè ni, àbí epo bẹntiróò ni wọ́n ń fọ̀? Bí ọmọ náà bá ṣe tán, ta ni yóò gbà á síṣẹ́ tí owó wa yóò fi padà wọlé?" Kò sí ẹni tí ó rí èsì gidi fún bàbá. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tó ń bọ̀, wọ́n ní kí akọ̀wé lọ wádìí, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yìí kí gbogbo ẹgbẹ́ lè kà á kí a tó dìbò.

Mo ti wádìí. Iṣẹ́ náà pọ̀ ju ohun tí ojú ewé kan lè gbà lọ. Nítorí náà mo mú ẹnìkan ṣoṣo nínú àwọn tí ń ṣe é, kí a wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe. Mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yan ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí ó wà nínú abọ́ àwọn ìyá ológì wa.

Orúkọ rẹ̀ ni Norman Wagner. Ará Amẹ́ríkà ni, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Yunifásítì Delaware, ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Newark. (Newark ti ìpínlẹ̀ Delaware ni o, kì í ṣe ti New Jersey tí àwọn ará wa kan ń gbé.) Láti 1991 ni ó ti ń kọ́ni níbẹ̀. Ohun tí ó ń wádìí ni àwọn nǹkan tí a kò lè pè ní omi pátápátá, tí a kò sì lè pè ní ohun líle pátápátá: ọ̀dà, ìpara, ọṣẹ olómi, sìmẹ́ǹtì pípò, títí dé ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn nínú iṣan ènìyàn. Ẹ wò ó dáadáa, yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀, ìsọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ni mo kà sílẹ̀ yẹn.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ki yàtọ̀ sí ohun tí ó ṣàn. Oníbàárà á gbé ìgò oyin sókè, á yí i sọ́tùn-ún sósì, á sì fi bí ó ṣe ń rìn nínú ìgò dájọ́ bóyá omi ti wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ sọ pé kíki yìí kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Omi, epo ẹ̀pà, epo pupa tí ó ti yọ́, ìwà kan náà ni wọ́n ní. Rò wọ́n jẹ́jẹ́ tàbí kí o rò wọ́n kíákíá, bí wọ́n ṣe ki tẹ́lẹ̀ náà ni wọn yóò ṣe ki. Isaac Newton, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ nípa irú èyí nínú ìwé rẹ̀ ní 1687. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń tà kò sì gbọ́ ti Newton rárá.

Ẹ mú ọ̀dà ara ògiri. Nínú agolo ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ki. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ti ń fà á, ó fẹ́lẹ́, ó ń ṣàn. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá kúrò, ó tún dúró sójú kan, kò ṣàn wálẹ̀ bá ẹsẹ̀ ògiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni tòmátò inú ìgò tí kì í fẹ́ jáde àfi bí a bá gbá ìdí ìgò náà. Àwọn tí ń fẹ́lẹ́ bí a bá fi agbára fà wọ́n nìyẹn. Ará Amẹ́ríkà kan, Eugene Bingham, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀dà ní ọ̀nà yìí, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1922. Òun náà ni ó wá orúkọ fún ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n ń pè é ní rheology títí di òní.

Irú kejì ni ti Wagner, ẹni tí kò bá tíì fọwọ́ kàn án kò ní gbàgbọ́. Bí o bá ṣe ń fi agbára rò ó tó ni yóò ṣe máa ki tó.

Ẹ̀yin ìyá ológì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Bí ògì bá ti tòrò tí ẹ sì da omidùn orí rẹ̀ kúrò, ẹ ki ṣíbí bọ̀ ọ́ kíá, ẹ ó rí i pé ó le, ó kọ̀ fún ṣíbí. Ẹ wá jọ̀wọ́ ṣíbí náà kí ó wọlé fúnra rẹ̀, yóò rì lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ bù ú sọ́wọ́, ẹ fún un mọ́ra, ó di òkò. Ẹ tú ọwọ́, ó ń ṣàn jáde láàárín ìka. Ògì tútù ni mo ń sọ o. Èyí tí a bá ti gbé kaná yàtọ̀, nítorí iná ti mú kí àwọn hóró inú rẹ̀ fa omi mu, wọ́n wú, wọ́n fọ́ mọ́ra, wọ́n di ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ mímu tún ń ṣe bí ọ̀dà, bí a bá ń rò ó ó ń fẹ́lẹ́.

Kí ló wá fà á tí ògì tútù fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Hóró sítáàṣì kéékèèké ló kún inú rẹ̀, omi díẹ̀ ló sì wà láàárín wọn. Ẹ rántí ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ìsọ̀ aláṣọ àti ìsọ̀ eléròjà lọ́jọ́ ọjà. Èrò kún ibẹ̀ bámúbámú, síbẹ̀ gbogbo ènìyàn ń kọjá. Ẹni tó ru ẹrù á ké "àgò o!", ẹnìkejì á yẹ̀ díẹ̀, wọn á gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan ṣèèṣì ké "Iná! Iná!" kí gbogbo èrò bẹ́ sáré lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà á dí pa. Kò sí ẹni tó fi kún èrò, kò sí ẹni tó mọ ògiri síbẹ̀, eré tí wọ́n sá ló dí ọ̀nà. Hóró inú ògì náà nìyẹn. Bí a bá ń rò ó jẹ́jẹ́, wọ́n ráàyè yẹ̀ fún ara wọn. Bí a bá fi ipá rò ó, wọ́n ṣù mọ́ra, ìṣùpọ̀ yìí sì ń dí ara wọn lọ́nà. Tí a bá tún dáwọ́ dúró, wọ́n tú ká.

Èyí tí mo fi èrò ọjà ṣàlàyé ní gbólóhùn mélòó kan yìí, ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń wá ẹ̀rí rẹ̀. Ìṣòro wọn ni pé irú olómi bẹ́ẹ̀ máa ń rú, ojú kò ríran kọjá nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń ta neutron gba inú olómi náà kọjá nígbà tí ẹ̀rọ ń rò ó lọ́wọ́. Ohun tíntìntín tó wà nínú gbogbo nǹkan ni neutron, ó sì lè wọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀. Láti inú bí ó ṣe fọ́nká ní òdì kejì ni wọ́n ti ń mọ bí àwọn hóró náà ṣe tò. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó òṣùwọ̀n ni ó ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe èyí, ní Gaithersburg, ìpínlẹ̀ Maryland. Inú mi dùn nígbà tí mo ka èyí, pé àwọn tí ń ṣọ́ òṣùwọ̀n kọ́ngọ̀ àti ìwọ̀n nílùú wọn náà ni wọ́n ń bá wọn wo inú omi rírú.

Wọ́n kò tíì fẹnu kò tán o. Wagner àti ẹnìkejì rẹ̀ John Brady kọ ọ́ ní 2009 pé omi tó há sáàárín àwọn hóró ni ó so wọ́n pọ̀ nígbà tí eré bá pọ̀, hóró kò tilẹ̀ nílò láti fara kan ara wọn. Lẹ́yìn ìgbà náà àwọn mìíràn sọ pé rárá, wọ́n ń fara kan ara wọn, wọ́n sì ń ha ara wọn lára bí òkúta sí òkúta. Àríyànjiyàn náà ti mú kí gbogbo wọn mọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì dà bíi pé àwọn méjèèjì ní ìpín tiwọn níbẹ̀.

Ta ni irú ìmọ̀ yìí ń ṣe lóore? Àwọn oníléeṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ kàn. Ní 1972, Richard Hoffman tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Monsanto tẹ ìwádìí jáde lórí irú olómi yìí tí a fi lẹ́búlẹ́bú oníke pò, nítorí nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ lọ geere, wọn á fi eré kún un kí ọjà lè pọ̀, lójijì olómi á le, ẹ̀rọ á há, nígbà mìíràn á bàjẹ́. Ohun tí a sì ń pè ní iṣẹ́ ẹnjiníà ti kẹ́míkà gan-an nìyẹn, bàbá. Ìyá ológì lè fi ọwọ́ mọ ògì inú abọ́ kan. Bí ó bá di táǹkì tó ga tó ilé, tí ẹ̀rọ ń fà á gba inú páìpù láti ilé kan dé èkejì, ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí yóò ṣírò bí yóò ṣe ki tó, bí páìpù yóò ṣe fẹ̀ tó, àti eré tí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kọjá. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ ọ̀dà, ti bíà, ti sìmẹ́ǹtì, ti oògùn. Ní tèmi, ìyẹn ti tó láti fọwọ́ sí ìwé ìyá náà, ṣùgbọ́n akọ̀wé kì í dìbò.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Delaware, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wù ayẹta ti wọlé.

Ní Wilmington, ìlú tí kò jìnnà sí Newark yẹn, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Stephanie Kwolek. Ó gba iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ DuPont ní 1946, èrò rẹ̀ sì ni láti kó owó jọ kí ó fi lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára, kò lọ mọ́. Ní 1965, ó ń wá òwú tí yóò fúyẹ́ tí yóò sì lágbára, tí wọ́n lè fi ṣe táyà mọ́tò. Kẹ́míkà tí ó pò lọ́jọ́ kan kò rí bí ó ti yẹ kó rí. Ó yẹ kó ki kó sì mọ́ gaara. Èyí rú bí omi ògì, ó sì ń ṣàn. Ẹlòmíràn á ti dà á nù. Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ran irú òwú bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀, ó ní yóò dí ihò ẹ̀rọ òun. Kwolek kò jáwọ́, títí tó fi gbà. Òwú tó jáde ni wọ́n wá sọ ní Kevlar. Bí a bá wọn òun àti irin ní ìwọ̀n kan náà, agbára rẹ̀ ju ti irin lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Òun ni wọ́n fi ń hun ẹ̀wù tí ọlọ́pàá àti ṣọ́jà fi ń dènà ọta ìbọn. Kwolek kú ní 2014, ó jẹ́ ẹni 90 ọdún.

Ṣùgbọ́n aṣọ Kevlar kan ṣoṣo kò lè dá ọta dúró. Ìpele lórí ìpele ni wọ́n ń tò ó, á wá nípọn, á le gbagidi, á sì mú ooru. Àyà àti ẹ̀yìn ni wọ́n lè fi bò, torí ẹni tó bá fi bo apá àti ẹsẹ̀ kò ní lè sáré. Ó tún ku ẹ̀gbẹ́ kan. Irin ṣóńṣó lè gba àárín òwú méjì wọlé láìjá ọ̀kankan. Ìyẹn sì ni ohun tí ń pa àwọn wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ́rù, torí ẹlẹ́wọ̀n kì í rí ìbọn, irin tí ó pọ́n ni yóò rí.

Wagner, pẹ̀lú Eric Wetzel ti ilé ìwádìí àwọn ológun Amẹ́ríkà, àti Y. S. Lee, ronú pé kí àwọn rẹ Kevlar sínú olómi tí ń le bí a bá lù ú. Wọn kò lo ògì, nítorí ògì á kan, á sì gbẹ. Wọ́n lo hóró kéékèèké tí a fi ohun kan náà tó wà nínú yanrìn àti gíláàsì ṣe. Bí ẹ bá to 2,000 nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn kò tíì gùn tó mìlímítà kan. Wọ́n pò ó mọ́ olómi kan tó wà nínú èyí tí mẹkáníìkì ń bù sí rẹdíétọ̀ ọkọ̀, tí kì í tètè gbẹ. Wọ́n fi ọtí là á kó lè wọ inú aṣọ, wọ́n rẹ aṣọ sí i, wọ́n fún un, wọ́n sì fi ooru lé ọtí náà lọ. Ẹ̀yin aláró, ẹ kò ha rí i pé iṣẹ́ yín ni?

Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003 sọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n yin irin kéékèèké lu aṣọ náà, eré tí ó ń bá bọ̀ tó mítà 244 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó lé ní 870 kìlómítà ní wákàtí kan. Aṣọ tí a rẹ sínú olómi náà dènà irin dọ́gba pẹ̀lú Kevlar lásán tí ìwọ̀n wọn jọ jẹ́ ọ̀kan. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Dídọ́gba ni wọ́n dọ́gba, èyí tí a rẹ kò borí. Èrè ibẹ̀ ni pé ìpele rẹ̀ kéré, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rọ̀ tó láti ká bí aṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 2007, wọ́n tẹ ìwádìí ti ọ̀bẹ àti irin ṣóńṣó jáde, níbẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti tàn jù. Bí irin bá sáré wọlé, olómi á le, á di òwú mú kó má lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, irin á sì há. Ní ọdún kan náà wọ́n gbìyànjú abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn, pé kí irú aṣọ yìí lè di ìbọ̀wọ́ fún nọ́ọ̀sì àti àwọn tí ń kó pàǹtí ilé ìwòsàn. Ẹni tí abẹ́rẹ́ tí a fi gún aláìsàn bá gún lọ́wọ́, ó lè ti ibẹ̀ kó àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí àrùn éèdì. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì, torí ọmọ ẹgbẹ́ wa púpọ̀ ló ní ọmọ tàbí ìyàwó lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò máa sọ báyìí. Wọn á ní àwọn bàbá wa ní ayẹta, wọ́n ní òkígbẹ́, kí ni tòyìnbó tún jẹ́ níbẹ̀? N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo lè sọ ni pé ti Wagner kò ní èèwọ̀, ó sì ṣeé tún ṣe lójú ẹnikẹ́ni. Ó kọ ìwọ̀n hóró, ó kọ ìwọ̀n olómi, ó kọ eré ọta, ẹni tó bá fẹ́ ní Japan tàbí ní Ìbàdàn lè pò ó kó sì dán an wò. Ibi tí kò ti gbéṣẹ́ náà wà nínú ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ta ẹ̀wù fún yín lọ́jà pé ògì ni òun fi rẹ ẹ́ kí ọta má bàa wọ̀ ọ́, olè ni, ẹ mú un lọ bá ìyálọ́jà.

Wọ́n ti bá àjọ NASA ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, lórí aṣọ àwọn tí ń lọ sí òfuurufú, torí lókè lọ́hùn-ún òkúta tíntìn tí kò tó hóró iyọ̀ lè lu ènìyàn lára pẹ̀lú eré tó ju ti ọta ìbọn lọ. Láìpẹ́ yìí, Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ń gbìyànjú láti fi erùpẹ̀ tó jọ ti òṣùpá pò ohun tó lè dípò sìmẹ́ǹtì, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé níbẹ̀ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ru àpò sìmẹ́ǹtì láti ayé. Ẹ̀yin onísìmẹ́ǹtì, ẹ má bínú, ọjà yẹn ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ó ku ti àwa tí ẹ̀rọ ìpò-nǹkan wà lọ́wọ́ wa, ti sítáàṣì, ti ọ̀dà tàbí ti kọ́sítáàdì. Ẹ má ṣe tan ẹ̀rọ sí eré tó ga jù nígbà tí ohun tí ẹ ń pò bá ki. Ẹ kọ́kọ́ fi omi sínú rẹ̀, ẹ máa da lẹ́búlẹ́bú sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀rọ sì máa yí jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ tí mọ́tọ̀ ń kérora, ẹ pa á, ẹ má ṣe fi eré kún un pé ẹ fẹ́ fi ipá yí i. Eré yẹn gan-an ló ń mú un le. Ẹ jẹ́ kó sinmi, yóò rọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ wá fi omi díẹ̀ kún un kí ẹ tó tún tan ẹ̀rọ. Bí ó bá di igi ìropo mú, ẹ fà á jẹ́jẹ́, yóò yọ.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ó ra sítáàṣì àgbàdo lẹ́búlẹ́bú tàbí kọ́sítáàdì tútù, kí ó wọn ife méjì sínú abọ́, kí ó máa da omi tútù sí i díẹ̀díẹ̀, yóò tó bí ife kan. Kí ó gbá a ní ẹ̀ṣẹ́, lẹ́yìn náà kí ó jẹ́ kí ìka rẹ̀ rì wọ inú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọ yóò gbádùn rẹ̀. Ẹ má kàn dà á sínú gọ́tà tí ẹ bá ṣe tán, á sílẹ̀ síbẹ̀, á sì dí i.